Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Onígbàjámọ̀

Ẹni tó bá ní eyín dídùn kì í ṣe àìsàn, eyín kò tíì dun olúwa rẹ̀ rí ni. Bí ẹsẹ̀ bá ń dun ènìyàn, wọn á gbé àga fún un. Bí inú bá ń run ún, wọn á ní kó lọ sùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n kí eyín máa dun àgbàlagbà, ẹ̀rín ni wọn á kọ́kọ́ fi rín in, wọn á ní kó fi omi iyọ̀ ṣan ẹnu, kó sì máa lọ síbi iṣẹ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe fún onígbàjámọ̀ kan, títí di àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ọ̀tún wú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ lápá ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdé.

Ìyàwó rẹ̀, tó ń ránṣọ ní yàrá iwájú, ló kọ́kọ́ rí i. Ó ń da tíì sínú ife, ó gbójú sókè, ó gbàgbé ohun tó ń ṣe. Tíì kún ife, ó sì ṣàn sórí tábìlì.

"Bàbá àwọn ọmọ mi, kí ló wà lẹ́nu yín?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Nǹkan kan kò sí, ó sì tóbi tó báyìí? Ẹ yíjú síbí."

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí ògiri. Ó fẹ́ sọ pé orí apá kan lòun sùn ni, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò là dáadáa, ohun tó jáde kò jọ ọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀, tó ń bá wọn gbé, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ti búrẹ́dì bọ inú tíì. Ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó wo búrẹ́dì ọwọ́ ara rẹ̀, ó tún tì í bọ inú tíì.

"Màámi, ẹ ò ní bá wọn sọ̀rọ̀ ni?" Aránṣọ nu tábìlì pẹ̀lú ìbínú. "Láti ọjọ́ tí eyín yìí ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀ wọ́n. Kànáfùrù ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ bí ẹni ń kó ẹrù sí àjà. Oògùn ara ríro tí wọ́n gbé mì lọ́sẹ̀ yìí pọ̀ ju oúnjẹ tí wọ́n jẹ lọ. Dókítà eyín ń bọ̀ ní ilé ìwòsàn lónìí. Bí òní bá kọjá, ó tún di ọ̀sẹ̀ míràn."

"Ọ̀sẹ̀ míràn náà dára," ni onígbàjámọ̀ wí.

Dókítà eyín kan ṣoṣo ni gbogbo agbègbè náà ní, ọjọ́ kan péré ló sì ń yọjú lọ́sẹ̀. Àwọn ọjọ́ tó kù, wọ́n ní kí eyín mú sùúrù.

"Wọ́n ní bí wọ́n bá yọ eyín òkè, ojú á fọ́," onígbàjámọ̀ tún wí, ó fi ọwọ́ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Eyín ìsàlẹ̀ ló ń dùn yín."

"Ta ló mọ ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ gbà lọ?"

Aránṣọ kò mọ̀ bóyá kóun rẹ́rìn-ín tàbí kóun sunkún. Ó bu súgà sí tíì ọkọ rẹ̀ bó ṣe fẹ́ ẹ, ó rò ó, ó fẹ́ ẹ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì gbé e síwájú rẹ̀. Ọkùnrin náà fi apá òsì ẹnu fà á mu. Ìdajì rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ètè tó wú, ó ń kán sí i láyà. Ó dìde, ó ní oníbàárà ń dúró de òun.

Ọkùnrin yìí kì í ṣe ojo. Abẹ ti gé e lọ́wọ́ láìmọye ìgbà, á lá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dànù, á sì máa fá orí lọ. Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí àwọn ọmọdé. Ọmọ tó ń sunkún láti ilé wọn pé òun kò ní gẹrun, bó bá ti dé orí àga rẹ̀, ọ̀gá náà á máa sọ fún un pé, "Jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́, ó ti fẹ́ẹ̀ parí," nígbà tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá. Ọmọ náà á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Awakọ̀ takisí kan ló jókòó láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó fẹ́ lọ ya fọ́tò tí wọn yóò lẹ̀ mọ́ ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ tuntun, ó ní kí Ọ̀gá Jẹ́jẹ́ bá òun ṣe orí náà kó rí bí orí ènìyàn gidi. Onígbàjámọ̀ so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, ó tan kílípà, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn etí. Ó gẹ ẹ̀gbẹ́ kan tán, ó dára. Ó yí sí iwájú. Bó ti gbé kílípà lé iwájú orí ni ìrora kan gbéra láti párì rẹ̀, ó gba inú etí kọjá, ó lọ kàn án ní àtàrí. Ọwọ́ rẹ̀ sáré. Kílípà gba iwájú orí awakọ̀ lọ tààrà títí dé àárín, ó sì fi ojú ọ̀nà funfun kan sílẹ̀ lẹ́yìn.

Onígbàjámọ̀ jẹ́ kí kílípà bọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín irun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, omi sì ń dà lójú rẹ̀.

Awakọ̀ wo dígí. Ó sún mọ́ ọn, ó tún wò ó.

"Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, ọ̀nà wo lẹ là sí mi lórí yìí? Ṣé ọkọ̀ fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ni?"

Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin náà nílẹ̀. Ẹ̀rín tó fẹ́ rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ gígùn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, orí rẹ̀ sì jẹ́ oríṣìí mẹ́ta, ó sáré lọ pe aránṣọ.

Kí ènìyàn tó mọ̀, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ti kún. Olúkúlùkù mú ìmọ̀ràn wá. Ọ̀kan ní kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, ọ̀kan ní yìnyín ni. Ìyá kan ní ẹni tí òun mọ̀ yọ eyín ní ilé ìwòsàn, láti ọjọ́ náà kò lè súfèé mọ́. Aránṣọ bi í pé ṣé ó mọ ẹni náà lójú, ó ní rárá, wọ́n sọ fóun ni.

Onítáyà dé láti ìta, ó ń nu ẹ̀mú rẹ̀ sára ṣòkòtò. Ọ̀rẹ́ onígbàjámọ̀ ni, ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́.

"Nítorí eyín lẹ ṣe ń pariwo báyìí? Ẹ̀mú yìí ti yọ eyín tó ju èyí tó kù lójú pópó yìí lọ. Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú, kí n tó ka ení èjì, ó ti jáde."

"Nínú táyà lo ti ń fi yọ ìṣó!" Aránṣọ bọ́ sí àárín wọn.

"Ìṣó náà kò kú, ìyàwó wa."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Èyí tó dun aránṣọ jù ni pé ọkọ rẹ̀ ń mi orí nílẹ̀ níbẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni, kó yọ ọ́. "Ẹ jẹ́ kó yọ ọ́," ló ń wí pẹ̀lú ìdajì ẹnu. "Ẹni mi ni. Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹni yín ni, ẹ wá fẹ́ kó fi ẹ̀mú táyà tú párì yín! Dókítà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀, ẹ ń sá fún un!"

"Ìyàwó, má pariwo lé mi lórí."

"Màá pariwo! Bí mi ò bá pariwo lónìí, ìgbà wo ni n ó pariwo?"

Ìyá Eléèédú, opó tó ń ta èédú lódìkejì, ti wà lẹ́yìn gbogbo wọn látẹ̀ẹ̀kan. Kì í ṣe ẹni tó máa ń dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ orí rẹ̀ sọ̀, àwọn ènìyàn sì yà fún un nítorí aṣọ wọn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ onígbàjámọ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ tó dúdú kan ọrùn rẹ̀ lábẹ́ párì.

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn," ló wí.

"Kí ló bẹ̀rẹ̀?" ni ẹnì kan bi í.

"Ti ọkọ mi. Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Nígbà tó di Àbámẹ́ta, ó ti sọ̀ sí ọrùn. Lọ́jọ́ Àìkú kò lè dá itọ́ mì mọ́." Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. "Ẹ̀yin náà lẹ bá mi sin ín. Ẹ ní ayé ló ṣe é, ẹ ní kí n ṣọ́ àwọn ẹbí rẹ̀. Mi ò bá yín jiyàn, mi ò lókun rẹ̀ nígbà náà. Eyín ni. Eyín tí wọ́n yọ, tí kò jáde tán."

Kò sí ẹni tó béèrè ẹni tó yọ ọ́. Onítáyà ń wo ẹ̀mú ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi lé e lọ́wọ́. Ó gbé e lọ sẹ́yìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó yí padà, ó gba àárín àwọn ènìyàn kọjá jẹ́ẹ́, a kò sì gbọ́ ìró òòlù nídìí táyà rẹ̀ mọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Aránṣọ yọ téèpù ìwọnṣọ lọ́rùn rẹ̀. "Ẹ dìde, bàbá àwọn ọmọ mi."

"Ẹ bọ́ sínú ọkọ̀ mi," ni awakọ̀ wí. Ó ti bá wọn mú fìlà kan lórí ìṣó, ó fi bo orí ìyanu rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n máa fi dé ìdí ọkọ̀, ìyá onígbàjámọ̀ ti jókòó síwájú, ó ti da ìborùn bora, ó sì gbé àpò rẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Màámi, ẹ jókòó sílé, yóò pẹ́ o."

"Mo ń bá yín lọ," ni ìyá àgbà wí, kò sì wo ẹnikẹ́ni lójú.

Ní ilé ìwòsàn, gbọ̀ngàn kan gbọọrọ ni, bẹ́ǹṣì wà lápá ọ̀tún, bẹ́ǹṣì wà lápá òsì, àwọn ènìyàn jókòó sórí wọn, gbogbo wọn fi ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni ń ronú ọ̀rọ̀ kan náà. Òórùn oògùn gba ibẹ̀ kan. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn funfun kan, ẹ̀rọ kan ń dún fíín, á dákẹ́, á tún dún. Nígbàkigbà tó bá dún, gbogbo bẹ́ǹṣì á jùmọ̀ rún ojú.

Obìnrin tó ń kọ káàdì yọjú lójú fèrèsé, ó rí onígbàjámọ̀. "Há! Kí lẹ dúró dè tó fi tó báyìí? Ẹ̀yin àgbà yìí náà!" Gbogbo ènìyàn yíjú sí i. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé gbogbo ọjọ́ tó kù lọ́sẹ̀ lòun jókòó síbẹ̀, tí òun ń retí rẹ̀, tí kò yọjú. Ìtìjú mú ọkùnrin náà, ó jókòó sí eteetí bẹ́ǹṣì bí ọmọ tó pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́. Aránṣọ fẹ́ dá obìnrin náà lóhùn, ó rántí pé ọwọ́ rẹ̀ ni káàdì wà, ó gbé ìdáhùn náà mì.

Láìpẹ́, onígbàjámọ̀ ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Ó dìde, ó kọjá ibi ìtọ̀, ó gba àgbàlá, ó sì forí lé ẹnu ọ̀nà àbájáde. Ó bá awakọ̀ níbẹ̀ tó fẹ̀yìn ti ọkọ̀ rẹ̀.

"Ọ̀gá Jẹ́jẹ́, níbo?"

"Mo fẹ́ gba atẹ́gùn ni."

"Atẹ́gùn pọ̀ nínú lọ́hùn-ún." Awakọ̀ ṣí fìlà. Oòrùn kan ojú ọ̀nà funfun orí rẹ̀. "Ẹ wo orí yìí dáadáa. Ẹ rò pé mo lè jẹ́ kí ẹ kú? Ta ni yóò bá mi parí ẹ̀?"

Bí ara ṣe ń ni onígbàjámọ̀ tó, ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀rín náà dùn ún dé inú egungun. Ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún, ibẹ̀ ni ìyàwó rẹ̀ bá a.

Aránṣọ ti kó èébú wá láti inú gbọ̀ngàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i bó ṣe dúró, ó fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Awakọ̀ yíjú kúrò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu dígí ọkọ̀ tó mọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni ọkọ rẹ̀ wí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo mọ̀."

"Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Pé kí n ya ẹnu, kí n sùn kalẹ̀, kí ẹnì kan máa ṣe ohun tí mi ò rí níbẹ̀, kí n má sì lè sọ pé ó tó. Ìyàwó mi, ìyẹn ni."

Aránṣọ sún mọ́ ọn. Ó gbọn irun awakọ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lápá dànù, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá àgbà ló yọ sí wọn látẹ̀yìn. "Wọ́n ti pè wá o."

Ọmọ rẹ̀ tún yíjú sí ẹnu ọ̀nà àbájáde. "Wọ́n ti pè mí?"

"Wọ́n pe èmi." Ó yọ káàdì kan jáde látinú ìborùn rẹ̀. "Èmi náà gba tèmi. Èmi ló kàn, lẹ́yìn mi ló kan ìwọ."

"Màámi, kí ló ń ṣe yín?"

Ìyá àgbà wo ìhín, ó wo ọ̀hún, bí ẹni fẹ́ fi ohun tó jí gbé hàn. Ó ya ẹnu. Lápá ẹ̀yìn, eyín kan ti ṣẹ́ sí méjì, ó dúdú, èrìgì rẹ̀ pọ́n, ó sì wú yíká rẹ̀.

Onígbàjámọ̀ wò ó títí. "Ẹ ní ẹ fẹ́ràn búrẹ́dì rírọ̀ ni."

"Ta ló fẹ́ràn búrẹ́dì tó rọ̀ bí kànrìnkàn? Ó ti pẹ́, ọkọ mi. Ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n sọ. Mo ń wò ọ́ láàárọ̀, mo ní, ọmọ yìí, ara mi ló ti mú ẹ̀rù yìí, ibi tí mo bá gbé e dé ló máa gbé e dé." Ó na ọwọ́ sí i. "Ó yá, wá dì mí lọ́wọ́ mú. Mi ò lè dá wọlé."

Onígbàjámọ̀, tó ti fẹ́ sá láti àárọ̀, mú ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, ó sì mú un wọlé.

Ó ti rò pé ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan ni dókítà eyín, tí apá rẹ̀ tóbi bí ti alágbẹ̀dẹ. Ọ̀dọ́mọbìnrin kékeré kan ló rí, tó fi aṣọ bo imú, tó dúró lórí àpótí kí ó lè ga tó àga. Ó kí ìyá àgbà kó tó wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Bí ẹ bá na ọwọ́ sókè báyìí, ohunkóhun tí mo bá ń ṣe, màá dúró. Kò dìgbà tí ẹ bá sọ̀rọ̀."

Etí onígbàjámọ̀ dìde sí ọ̀rọ̀ náà.

Wọ́n gún ìyá àgbà ní abẹ́rẹ́ sí èrìgì. Ó fún ọwọ́ ọmọ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí òrùka rẹ̀ wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn náà, ó ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òun ti di ti ẹlòmíràn. Dókítà bi í léèrè àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ lọ bó ṣe ń bi í. Ìyá àgbà di ojú, ó dì í gírígírí, ó ń dúró de ìrora. Nígbà tó dúró dè é títí, ó la ojú kan.

"Ọmọ mi, ìgbà wo lo máa bẹ̀rẹ̀?"

"Màmá, ó ti jáde."

Ìyá àgbà wo eyín náà nínú àwo kékeré, ó ní, "Èyí náà ló ń jọba lé mi lórí?"

Nígbà tó kan ọmọ rẹ̀, dókítà tẹ ọrùn rẹ̀ lábẹ́ párì níbi tí Ìyá Eléèédú ti tẹ̀ ẹ́, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Ẹ ṣeun tí ẹ wá lónìí," ló wí, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá dúró dìgbà míràn, mi ò mọ ohun tí à bá máa sọ. Ihò kékeré ni yìí níbẹ̀rẹ̀. À bá dí i, ẹ̀ bá sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín lọ́jọ́ náà. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò." Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ àga. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni mo ń bá wí. Mo ti bẹ àwọn ọ̀gá wa kí n máa wá lójoojúmọ́. Wọ́n ní eyín kò le tó bẹ́ẹ̀."

Ó sọ fún un pé ọyún ti pọ̀ níbẹ̀, abẹ́rẹ́ náà kò ní pa gbogbo ìrora kú. "Ẹ máa mọ̀ ọ́n lára díẹ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín."

Onígbàjámọ̀ rántí gbogbo ọmọ tó ti sọ fún pé ó ti fẹ́ẹ̀ parí, ojú tì í.

Ó gun orí àga. Kí dókítà tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ó ti na ọwọ́. Dókítà dúró. Ó gbé ọwọ́ sọ̀. Dókítà gbé dígí kékeré sí ẹnu rẹ̀, ó tún na ọwọ́. Dókítà tún dúró, ó ká apá lé àyà, kò pòṣé, kò wo agogo. Ó tún nà án nígbà tó rí abẹ́rẹ́, ó sì tún nà án nígbà tí kò rí nǹkan kan rárá, láti wò ó bóyá ó máa dúró. Ó dúró. Aránṣọ fẹ́ sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbà, tí òwú kún ẹnu rẹ̀, fi ìgúnpá gún un pé kó fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, onígbàjámọ̀ kó ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó sì fi wọ́n síbẹ̀.

Ó dùn ún. Kí a má purọ́, ó dùn ún. Nǹkan ró kẹ́kẹ́ nínú orí rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń fa èèkàn láti inú ilẹ̀ líle. Ṣùgbọ́n bí eyín náà ti jáde ni ọyún tú, ohun kan tó ti ń tẹ̀ ẹ́ ní párì, ní etí, ní àtàrí, tó ti tẹ̀ ẹ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi gbàgbé pé ara ènìyàn kì í rí bẹ́ẹ̀, dẹwọ́ lójijì. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Dókítà bi í pé ṣé ó ń dùn ún, ó mi orí pé rárá, òun kàn ń sunkún ni.

Nígbà tí wọ́n padà délé, ìròyìn ti ṣáájú wọn dé pé wọ́n ti gé gbogbo párì rẹ̀. Àwọn ènìyàn jáde wá wò ó, ojú wọn kò sì dùn tó nígbà tí wọ́n rí i pé ó pé. Onígbàjámọ̀ kò dúró tì wọ́n. Ó rékọjá títì lọ síwájú àtẹ èédú. Kò lè sọ̀rọ̀ nítorí òwú ẹnu rẹ̀. Ó tẹrí ba, ó sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ìyá Eléèédú ń to èédú rẹ̀, kò dáwọ́ dúró. "Ó dára," ló wí. "Ó dára." Ṣùgbọ́n ó to èédú kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn èyí, onígbàjámọ̀ gbé àga sí ìta, ó pe awakọ̀, ó sì bá a fá gbogbo orí náà kodoro, nítorí kò sí ohun mìíràn tí a lè fi orí náà ṣe. Awakọ̀ wo dígí, ó ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Ilẹ̀ ń ṣú nígbà tí aránṣọ gbé oúnjẹ kalẹ̀. Ìrẹsì ló sè, ó sè é títí ó fi rọ̀ bí òwú, ó sì jẹ́ kó tutù fún àwọn méjèèjì. Ìyá àti ọmọ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú bákan náà, wọ́n ń jẹun bí ẹni ń kó ẹyin. Aránṣọ nìkan ló ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ bí òun ì bá ti ṣe é, pé ojoojúmọ́ lòun ì bá máa lọ jókòó síwájú dókítà yẹn, pé àwọn ọkùnrin kò lè farada nǹkan kan. Ó gbé ife omi tútù, ó gbé e mu.

Ó dúró. Orí rẹ̀ tẹ̀ sápá kan, ojú rẹ̀ pàdé. Ó gbé omi náà mì tagbáratagbára, ó sì rọra gbé ife náà kalẹ̀ bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́.

Nígbà tó la ojú, ọkọ rẹ̀ ń wò ó. Ìyá àgbà náà ń wò ó.

"Ìyàwó mi," ni onígbàjámọ̀ wí pẹ̀lú ìdajì ẹnu. "Ya ẹnu."

"Èmi? Mo ní aṣọ oníbàárà láti parí."

Ó dìde wéré, ó lọ sí yàrá iwájú, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á. Máṣíìnì ń sáré, ó ń dún kẹ̀kẹ̀kẹ̀kẹ̀. Kò sí aṣọ kankan lábẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ gbé àpótí kékeré kan wá, ó jókòó tì í. Kò rẹ́rìn-ín sí i, kò sì ṣe àwàdà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí tábìlì máṣíìnì, ó sì fi í síbẹ̀. Ẹsẹ̀ aránṣọ ń lọ, ó ń lọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, títí máṣíìnì fi dá dúró fúnra rẹ̀.

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ lé ti ọkọ rẹ̀.

"Apá òsì ni," ló wí, ohùn rẹ̀ kéré. "Ó ti pẹ́ díẹ̀."